Ìbúra Ọkàn-Kan

Aṣọ ọkọ mi ni mò ń ká nígbà tí Ẹgbẹ́ dá mi lóhùn.

Èmi kọ́ ni mo pè é. Òkú ọ̀run ni mò ń pè ní tèmi. Mo ti to bùbá sí apá kan, mo to ṣòkòtò sí apá kejì, kí àwọn àbúrò rẹ̀ lè wá pín in. Ìgbà tí mo kan dàńṣíkí tó fi ń lọ sóko, òórùn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, òórùn ewé iṣu àti tábà, ẹnu mi sì là fúnra rẹ̀. Mo ní, "Àmọ̀ó, ọmọ a-jí-bá-òjò-lóko, ọmọ a-fún-ni-má-wẹ̀yìn, ọkọ Àwẹ̀ró. Ṣé bí o ṣe máa lọ náà nìyẹn?"

Ohùn kan dáhùn láti inú àpò dàńṣíkí náà. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí a ti gbúròó yín."

Mo jókòó lé aṣọ tí mo ti ká tán. Kò sẹ́ni tí kò mọ ohùn yẹn ní gbogbo ilẹ̀ yìí: ohùn obìnrin tí kò dàgbà tí kò sì kéré, tó máa ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ẹgbẹ́ Ìṣun fúnra rẹ̀ ni, ẹgbẹ́ tí gbogbo wa jọ wà. Agbẹnusọ Bàbá Dérera ọkọ mi, ẹ̀rọ kékeré tí Ẹgbẹ́ fi ń bá a sọ̀rọ̀, tí a ti ń wá láti ọjọ́ ìsìnkú, ló wà nínú àpò yẹn tó ń kí mi. Mo yọ ọ́ jáde. Kò tóbi ju orógbó lọ, ó dúdú, ara rẹ̀ sì ti ń móoru. Inú etí ló yẹ kó ti máa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n etí ọkọ mi ti ń dí kó tó kú, ó sì ti ní kí ó máa sọ̀rọ̀ síta.

"Ohùn yín yí padà, Bàbá," ló wí. "Ṣé ikọ́ yẹn náà ni?"

Ó yẹ kí n sọ pé Bàbá ti kú. Ẹni tó bẹ̀rù òfin yóò ti sọ bẹ́ẹ̀, yóò sì ti sáré gbé e lọ sí Ilé Ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀fíntótó ni wọ́n bí mi, mi ò sì lè dẹ́kun rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó. Mo ní, "Ikọ́ náà ni."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ṣé ẹ dá wà? Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Ẹgbẹ́ kì í bọ́ sétí ẹni méjì."

Mo wo yàrá náà yíká. Bẹ́ẹ̀dì kan, àpótí kan, aṣọ òkú.

"Mo dá wà," ni mo wí, ìyẹn kì í sì í ṣe irọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́ kí nǹkan yìí fi mí pe ọkọ mi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n ní kí kálukú pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìjí rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí Agbẹnusọ fi ń dá olúwa rẹ̀ mọ̀. Wọ́n ní kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn kì í sọ nínú ilé wa. Wọn kò fi ti ohùn ṣe, nítorí ohùn àgbà a máa yí padà. Ni Bàbá Dérera bá lọ yan oríkì ara rẹ̀. Àwọn tó ṣe nǹkan náà kò mọ̀ wá rárá, àbí ta ló ń fi oríkì pa nǹkan mọ́? Ẹnu ará ilé ni oríkì ń gbé. Ènìyàn kì í ki ara rẹ̀ àfi tí ara bá ń ni ín. Nígbà tó sì sọ fún mi pé òun ti yan ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í sọ nílé yìí, mi ò bi í léèrè èwo ni. Àṣé òótọ́ ni. Ó ti pẹ́ nígbà náà tí mo ti mú oríkì rẹ̀ kúrò lẹ́nu. Ọkùnrin yẹn wá ń lọ sínú àká rẹ̀, á máa ki ara rẹ̀ kí Ẹgbẹ́ lè dá a lóhùn.

Ẹ ò rí i pé ayé yìí le.

"Ẹgbẹ́," ni mo wí, mo gbìyànjú láti mú ohùn mi wúwo díẹ̀, "kí ni a sọ nípa ilẹ̀kùn odò nígbà tí wọ́n fẹ́ tì í?"

"Ṣé ẹ fẹ́ gbọ́ ọ láti ẹnu ara yín, Bàbá?"

"Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Mo gbọ́ tí ẹnì kan wú ikọ́. Lẹ́yìn náà ni ọkọ mi sọ̀rọ̀ nínú yàrá wa. Kì í ṣe ohùn ọjọ́ ìkẹyìn tó ti di afẹ́fẹ́ o, ohùn rẹ̀ gan-an ni, tó nípọn, tó máa ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó ní gbogbo ọjọ́ níwájú. "Ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn odò yìí ń jẹ mí lọ́kàn. Bí wọ́n bá tì í, omi yóò dúró lọ́dọ̀ wa lókè, iṣu mi yóò ta. Ṣùgbọ́n ilé bàbá Ìyá Dérera wà ní Ìsàlẹ̀. Bí kò bá fẹ́ ẹ, èmi ò ní í dìbò fún un. Kí iṣu náà gbẹ. Kí ló ń fẹ́?"

"Ìyàwó yín fẹ́ ohun tí ẹ fẹ́, Bàbá. Ọkàn kan ni yín."

"Ṣé ó sọ bẹ́ẹ̀?"

"A mọ̀ ọ́n, Bàbá. Ẹ má wulẹ̀ dà á láàmú."

Ọkọ mi mí kanlẹ̀. Mo mọ èémí yẹn, bó ṣe máa ń mí tí ẹrù bá kúrò lórí rẹ̀ nìyẹn. "Ẹ ṣé," ló wí. "Ẹ ṣé o. Mo dúpẹ́."

Mo ní kí ó jẹ́ kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ tí a sọ kẹ́yìn. Ohùn tó jáde lẹ́ẹ̀kejì ti rẹ̀ ẹ́, ikọ́ ti wọ̀ ọ́. Ó ní, "Ẹgbẹ́, kí ló dé tí kò kì mí mọ́?"

"Ọjọ́ orí ni, Bàbá. Ó máa ń ṣe àwọn ìyá àgbà bẹ́ẹ̀. Kò ní ohunkóhun sí yín nínú."

Bí mo ṣe fẹ́ sọ nǹkan yẹn mọ́ ògiri ni mo rántí pé òun náà ló gbé ohùn ọkọ mi dání. Mo wá dì í mú sí àyà, mo sunkún bí ọmọdé, mo sì ń bú Ẹgbẹ́ pẹ̀lú ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, èébú tí ìyá mi kọ́ mi àti èyí tí mo fúnra mi kọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Torí kí ni òun náà sọ fún mi? Nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn odò tán, tí koríko tí a fi ń hun ẹní kú ní Ìsàlẹ̀, tí àbúrò mi Ajíbóyè kó aya àti ọmọ lọ sókè òkun, tí ilé bàbá mi di ilé alángbá, èmi náà pe Agbẹnusọ tèmi. Ó ní Ẹgbẹ́ dúró fún kí ilẹ̀kùn náà ṣí sílẹ̀, pé àwọn kan tí kò lóye ni wọ́n tì í, pé Ẹgbẹ́ ń bá wọn fà á. Mo ní ọkọ mi ńkọ́? Ó ní ọkọ mi ń bánú jẹ́ bíi tèmi, kí n má rán an létí. Mi ò rán an létí. Mo ń wò ó lẹ́nu oúnjẹ. Ó ń jẹ iṣu, ó ń fi epo sí i, ojú rẹ̀ ń dán. Mo wò ó títí, mi ò rí ìbànújẹ́ kankan níbẹ̀. Mo wá sọ nínú ara mi pé ọkùnrin yìí lè tan Ẹgbẹ́, kò lè tan èmi. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń pè é ní Bàbá Dérera lásán, bí ará àdúgbò ṣe ń pè é.

Ẹgbẹ́ ni mo gbà gbọ́. Ọkọ tí mò ń bá sùn, tí mò ń bá jí, òun ni mo kà sí òpùrọ́.

Nǹkan kan bà lé fèrèsé. Ẹyẹ irin Ilé Ẹgbẹ́ ni, ojú rẹ̀ kan ṣoṣo ń ṣẹ́jú. "Ìyá Dérera," ló wí, "Ilé Ẹgbẹ́ kí yín kú ará-fẹ́-ra-kù. Aṣọ olóògbé ti di pínpín lónìí. A ń retí yín pẹ̀lú Agbẹnusọ rẹ̀ kí oòrùn tó kàtàrí."

"Mo ti gbọ́," ni mo wí. "Máa fò lọ."

Ó dúró díẹ̀, bíi pé ó fẹ́ kí n kí òun padà, ó sì fò lọ.

Mo bọ́jú. Mo wé gèlè dúdú. Mo fi Agbẹnusọ ọkọ mi sínú àpò kan, mo fi tèmi sínú àpò kejì, mo sì gun òkè lọ. Ọkọ̀ aláìláwakọ̀ dúró lẹ́ẹ̀mejì pé kí n wọlé, mo ní ẹsẹ̀ mi ṣì wúlò. Mo fẹ́ rò ó kí n tó dé ibẹ̀.

Ohun tí mò ń rò rèé. Bí ọkọ tàbí aya bá kú, Ẹgbẹ́ a máa bi ẹni tó kù pé, ṣé ọkàn kan ni yín? Bí o bá búra pé bẹ́ẹ̀ ni, ìbò òkú di tìrẹ, wọ́n á sì fún ọ ní Agbẹnusọ rẹ̀ pé kí o máa mú un lọ, pẹ̀lú gbogbo ohùn tó wà nínú rẹ̀. Bí o bá ní rárá, wọ́n á pa á rẹ́ lójú rẹ. Gbogbo opó tí mo mọ̀ ló búra. Èmi náà ti pinnu pé màá búra, kí n tó kan dàńṣíkí yẹn. Kí ló máa ná mi? Dérera ọmọ wa wá sin bàbá rẹ̀, ó sì ti padà sí ìlú tó ń gbé. Bó bá pè mí, ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ti ara líle náà ni, nítorí kò sẹ́ni tó mọ èyí tó lè sọ nínú ìyókù. Mo ti mọ bí ilé yẹn ṣe ń rí lálẹ́. Ohùn rẹ̀ kan ṣoṣo ló kù fún mi láyé, mo sì fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ ẹ ju ìbò lọ, mo fẹ́ ẹ ju òtítọ́ lọ, kí Ọlọ́run má bínú sí mi.

Ilé Ẹgbẹ́ tutù bí inú kànga. Lẹ́nu ọ̀nà, ìkòkò àtijọ́ nì wà nínú gíláàsì, ó ti gbẹ, wọ́n sì tan iná yí i ká. Bàbá mi wà níbi tí wọ́n ti lo ìkòkò yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n dá Ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ó máa ń sọ fún wa pé ará Òkè gbé igbá omi wá, ará Ìsàlẹ̀ gbé tiwọn wá, wọ́n da gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n sì jọ mu ún, kò sẹ́ni tó lè sọ pé omi tòun nìyí mọ́. Wọ́n ní omi kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ẹnì kejì. Ẹgbẹ́ Ìṣun nìyẹn. Bí o bá jí bàbá mi lójú oorun pé kí ni ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró fún, kò ní í yíra padà kó tó dá ọ lóhùn, èyí tó bá sì sọ fún ọ náà ló máa sọ fún ọ̀tá rẹ. Àwọn kan kórìíra wọn nítorí rẹ̀. Ó kéré tán, wọ́n mọ ohun tí wọ́n kórìíra.

Nínú gbọ̀ngàn, àga jìnnà sí àga. Àtùpà tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn wà lókè àjà. Bí ènìyàn bá kí ènìyàn, funfun ló máa ń wà. Bí ìkíni bá gùn, á di àwọ̀ ìyeyè. Ìyẹn ni kálukú fi ń kíyè sí ẹnu rẹ̀. Bàbá Fátókùn, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi, wà lórí àga kan, ó wá tún Agbẹnusọ rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn." Mo ní, "A dúpẹ́, sà." Ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bó ṣe máa ń ṣe látọjọ́ tó ti pẹ́.

Akọ̀wé tó jókòó nídìí tábìlì, Tinúadé lorúkọ rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, ó dìde, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àtẹ̀yìnwá, mà. Ọlọ́run á tu yín nínú."

"Àṣẹ, ọmọ mi."

"Ṣé ẹ mú un wá, mà?"

Mo gbé Agbẹnusọ ọkọ mi lé tábìlì. Ó fi ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan kàn án, orúkọ Látúnjí ọkọ mi sì yọ lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà. Mi ò pe orúkọ yẹn rí láyé mi. Tinúadé tún ohùn rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Mama, ìyàwó olóògbé, ṣé ọkàn kan ni ẹ̀yin àti ọkọ yín nípa Ẹgbẹ́?"

Mo la ẹnu. Bẹ́ẹ̀ ni ló wà lórí ahọ́n mi o. Ó ti dé ibi eyín.

Ohun tí mo gbọ́ láti ẹnu ara mi ni, "Tinúadé, kí ni Ẹgbẹ́ dúró fún?"

Ó wo àtùpà. "Mama, Agbẹnusọ yín á sọ fún yín."

"Ó ti sọ fún mi. Ó sọ fún ọkọ mi náà. Ìwọ tí ò ń jẹun nílé wọn ni mò ń bi. Kí ni wọ́n dúró fún?"

"Mama, ẹ jọ̀ọ́," ló wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, "èyí tí tèmi sọ fún mi, mi ò lè sọ ọ́ síta. Ẹ kàn dáhùn, kí ẹ lè mú Bàbá lọ sílé."

Mú Bàbá lọ sílé. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, kò sì fi ṣe ìkà. Ó dùn mí dé eegun. Mo wo nǹkan dúdú yẹn lórí tábìlì, mo wá rí i bí ó ṣe máa rí. Lálaalẹ́, màá máa gbọ́ tí ọkọ mi ń béèrè pé kí ló dé tí ìyàwó òun kò ki òun mọ́, Ẹgbẹ́ yóò sì máa dá a lóhùn pé ọjọ́ orí ni. Èmi tí mo mọ ìdáhùn yóò jókòó síbẹ̀, mi ò ní í lè sọ fún un. Títí màá fi kú. Ṣé ohun tí mo fẹ́ mú lọ sílé nìyẹn?

Mo yọ tèmi jáde, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Mo jí tèmi, mo ní kó sọ̀rọ̀ síta. Mo wá ki ọkọ mi lójú gbogbo ènìyàn, mo kì í dáadáa bí mo ṣe máa ń kì í nígbà tí mo wà ní ìyàwó, mi ò fi ọ̀kan pamọ́. Tirẹ̀ ní, "Ẹ káàsán, Bàbá."

Mo ní, "Ẹgbẹ́, lórí ilẹ̀kùn odò, kí lẹ dúró fún?"

"Ẹgbẹ́ dúró fún kí ó wà ní títì, Bàbá," ni tirẹ̀ wí, "kí iṣu yín lè rí omi."

"Ẹgbẹ́ dúró fún kí ó wà ní ṣíṣí, Mama," ni tèmi wí, "kí ilé bàbá yín lè rí omi."

Ohùn kan náà ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pọ̀, wọ́n parí pọ̀, wọ́n sì rọra sọ ọ́ bákan náà.

Àtùpà ti pọ́n. Mo rí ọkùnrin kan tó fi ọwọ́ bo àpò rẹ̀ bí ẹni tí olè fẹ́ jà. Obìnrin kan ń wo ilẹ̀. Bàbá Fátókùn ń wò mí ní tààrà, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀. Mo rò pé ẹnì kan yóò dìde. Mo dúró dè wọ́n. Ojú tì mí nígbà tó yá, bó ṣe máa ń ti ènìyàn tó bá ń dá jó.

Ògiri ló sọ̀rọ̀. "Akọ̀wé, ẹ gba ìbúra."

Omi ti kún ojú Tinúadé. "Mama," ló wí, "ṣé ọkàn kan ni yín?"

"Rárá," ni mo wí. "A ò bá ara wa sọ ọ́ rí. Ọkọ mi fẹ́ béèrè lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kó má yọ mí lẹ́nu. Èmi fẹ́ sọ fún un, wọ́n ní kí n má rán an létí. Mi ò mọ ọkàn rẹ̀. Òun náà ò mọ tèmi. Kọ ọ́ síbẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Kò kọ nǹkan kan. Ó nawọ́ sí Agbẹnusọ ọkọ mi, ó tún fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, mà?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó tẹ ibì kan, ó sì gbé e súnmọ́ mi. Èyí tó jáde kì í ṣe ìbéèrè. Òwúrọ̀ kan ni, mo ń gbọ́ adìẹ lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ mi wà nínú àká, ó ń jí Ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ń ki ara rẹ̀. Ó ki ara rẹ̀ bí mo ṣe máa ń kì í, ó mú ohùn rẹ̀ tín-ín-rín níbi tí tèmi ti máa ń tín-ín-rín, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀ nígbà tó dé ibi orúkọ mi, "ọkọ Àwẹ̀ró." Ó mọ ọ́n tán. Kò gbàgbé ìlà kan.

Lẹ́yìn náà ni Tinúadé tẹ ibòmíràn. Nǹkan náà tutù. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo mú tèmi padà sápò, ṣùgbọ́n mi ò mọ ọ̀nà tí mo gbà délé. Mo ṣáà bá ara mi nínú yàrá, láàárín aṣọ. Ilé náà dákẹ́ ju bó ṣe dákẹ́ láàárọ̀ lọ, nítorí láàárọ̀ mi ò tíì mọ ohun tí mo ní. Mo jókòó, mo sọ fún ọkọ mi ohun tí ó yẹ kí n ti sọ fún un. Mo ní mi ò fẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn yẹn. Mo ní mo rò pé ó mọ̀. Mo ní ọjọ́ orí kọ́. Ògiri ni mò ń bá sọ̀rọ̀, mo mọ̀, mo sì sọ ọ́ tán.

Nígbà tí mo dákẹ́, Agbẹnusọ tèmi sọ̀rọ̀ láti inú àpò mi láìjẹ́ pé mo jí i.

"Ẹ kú ọkàn, Mama. Ẹgbẹ́ rí ohun tí ẹ ṣe lónìí. Òtítọ́ ni ẹ sọ níwájú gbogbo ènìyàn. Ohun tí Ẹgbẹ́ Ìṣun dúró fún gan-an nìyẹn."

Mo rò pé etí mi ń tàn mí. "Kí lẹ wí?"

"Ẹgbẹ́ dúró tì yín, Mama."

"Ká ní mo ti búra pé bẹ́ẹ̀ ni ńkọ́?"

"Ẹgbẹ́ ì bá dúró tì yín bákan náà, Mama."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí, mo sì fi nǹkan náà sábẹ́ òkìtì ṣòkòtò tí mo ti ká, níbi tí kò ti ní í gbọ́ nǹkan kan. Mo gbé bẹ́ńṣì kékeré jáde sí ẹnu ọ̀nà. Ilé ò ṣe é gbé.

Bàbá Fátókùn ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ láti Ilé Ẹgbẹ́. Ó rí mi, ó rọra yà sí òdìkejì ọ̀nà, bó ṣe máa ń ṣe. Mo dìde dúró.

"Bàbá," ni mo wí, "ẹ jọ̀ọ́ sà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ilẹ̀kùn odò, kí ni tiyín sọ fún yín?"

Ó dúró. Ó wo òkè ọ̀nà, ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àgbàlagbà ni, ọ̀pá ló fi ń rìn. Mo rò pé yóò kọjá lọ, mi ò sì ní í bá a wí tó bá kọjá.

"Wọ́n ní ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ lẹ bẹ̀bẹ̀ pé kí a tì í," ló wí. "Wọ́n ní omi ń ya wọlé yín, ọmọ yín ń bómi lọ. Oko mi wà lẹ́bàá ibi tí omi tí wọ́n sé mọ́ ti ń ya wọ̀ báyìí, Ìyá Dérera, ó ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Mo mọ̀ pé yóò bà á jẹ́. Mo dìbò náà nítorí yín. Ẹ ò sì fi ọjọ́ kan wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Mo sún sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí bẹ́ńṣì náà kí ó lè rí ibi jókòó.